Ó Yẹ Kí A Ya Àwòrán Inú Ilé Wa

"Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ." Kò sí ọmọ Yorùbá kan tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ́n tàbí ní Ìdóàní léèrè lónìí pé báwo ni inú ilé baba ńlá rẹ̀ ti rí, ǹjẹ́ yóò lè dá wa lóhùn? Yóò sọ ibi tí ilé náà wà fún wa. Ó lè fi fọ́tò kan hàn wá, níbi tí baba rẹ̀ dúró níwájú ilé náà pẹ̀lú agbádá àti fìlà, tí ògiri iwájú sì ń dán lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó mú wa wọlé, kí ó sọ iye òpó tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ìkòkò omi wà, ẹni tí ó ni ìyẹ̀wù apá ọ̀tún, ẹnu rẹ̀ yóò wọ́. A ti ya àwòrán ìta ilé wa títí. A kò ya àwòrán inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé inú ilé ni a ń gbé.

Èrò mi ni pé ó tó àkókò kí olúkúlùkù ìdílé ya àwòrán inú ilé àtijọ́ tí ó bá ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́, kí ó tó wó, kí ó tó jó, kí a sì tó wó o láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ tuntun. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò kọ̀. N kò sọ pé wọn kò ní ìdí tí wọ́n fi kọ̀. Èmi yóò gbé ọ̀rọ̀ tiwọn náà yẹ̀ wò kí n tó parí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ilé baba ìyá mi wà ní ìlú kékeré kan ní agbègbè Ọ̀sẹ́. Ilé alámọ̀ ni, tí a fi ewé bò nígbà tí a kọ́ ọ, tí a sì wá fi páànù bò lẹ́yìn náà. Bí ènìyàn bá gba ẹnu-ọ̀nà wọlé, àgbàlá kan ni yóò bá láàárín, tí òjò àti oòrùn ń wọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí àgbàlá náà ká, àwọn òpó igi líle ni ó gbé òrùlé rẹ̀ dúró, ìlẹ̀kùn gbogbo yàrá sì kọjú sí i. Níbẹ̀ ni a ti ń jẹun, níbẹ̀ ni a ti ń parí ìjà, níbẹ̀ ni àwọn ìyàwó ilé ti ń jókòó pa ìtàn fún wa nígbà tí òṣùpá bá yọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí kan náà ni a sin baba ńlá mi sí, gẹ́gẹ́ bí àṣà ìgbà náà.

Ní ọdún 2012, òjò kan rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ilé náà sì wó. A dúpẹ́ pé kò sí ènìyàn nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, àwọn ọmọ ilé dá owó jọ pé kí a tún un kọ́. Ìgbà yìí gan-an ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Ìdí igi méjì ni ó wà nínú ìdílé náà, nítorí ìyàwó méjì ni baba ńlá mi fẹ́. Ìdí igi kìíní ní àwọn ni àwọn ni apá ọ̀tún títí dé òpó kẹrin; ìdí igi kejì ní irọ́ ni, òpó kẹta ni ààlà. Èyí tí ó burú jù ni pé àwọn méjèèjì kò mọ ibi tí oórì baba wọn wà mọ́ lábẹ́ amọ̀ tí ó ti wó dà lé e. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó dàgbà jùlọ nínú wọn, sọkún lójú wa. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé orí baba yín ni ẹ fẹ́ fi ìpìlẹ̀ lé ni?"

Ohun tí ó yọ wá ni fọ́tò kan ṣoṣo. Ìyá kan nínú ìdílé náà, tí ń gbé ní Ìbàdàn, ní in nínú àpótí aṣọ rẹ̀. Ọjọ́ ìkómọjáde ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni a yà á. Ayàwòrán ọjọ́ náà fẹ́ kí gbogbo ènìyàn tò síta nínú oòrùn, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n òjò bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn sì sá wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí ó bá wo fọ́tò náà yóò rí ọmọ, yóò rí ìyá ọmọ, yóò rí àwọn àlejò pẹ̀lú gèlè wọn. Ṣùgbọ́n àwa kò wo ènìyàn lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn wọn ni a ń wò. A rí òpó kẹta, tí ó ní ojú kókó kan ní àárín. A rí oórì baba ńlá mi, tí a fi ẹfun kùn, láàárín òpó kẹta àti ìkẹrin. A rí ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Kùkùté òpó kẹta kò tíì jẹrà tán nínú ilẹ̀. Láti ibẹ̀ ni a ti fi okùn wọn ilẹ̀ títí a fi rí ibi tí baba sùn sí. Kì í ṣe ibi tí ìdí igi kìíní wí, kì í sì í ṣe ibi tí ìdí igi kejì wí.

Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà parí ìjà kan. Ṣùgbọ́n kò parí èkejì, nítorí kò dé apá ibi tí yàrá àwọn obìnrin wà. Títí di òní, àwọn ọmọ ìdí igi méjèèjì ń kí ara wọn lẹ́nu lásán ni. Mo máa ń rò ó pé bí ayàwòrán náà bá ti yí ẹ̀rọ rẹ̀ sí apá kejì lẹ́ẹ̀kan péré, bóyá wọn ì bá ṣì máa jẹun pọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ilé tálákà ni èyí, pé àwọn ilé ńlá kò lè sọnù bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ààfin Ọlọ́wọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ààfin tí ó tóbi jùlọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni, ìjọba àpapọ̀ sì ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Àgbàlá inú rẹ̀, tí a ń pè ní ùghà ní Ọ̀wọ̀, pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń sọ pé wọ́n tó ọgọ́rùn-ún nígbà kan. Ùghà kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. A fi òkúta wẹ́wẹ́ tàbí àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ àwọn mìíràn. A gbẹ́ ère ọba lórí ẹṣin sára òpó àwọn mìíràn. Ní ọdún 1968, a dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, kí àwọn ohun àtijọ́ tí a ń pa mọ́ ní ààfin lè ní ibùgbé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ilé àkójọ lè gba ère, ó lè gba ìlù, ó lè gba ìlẹ̀kùn; kò lè gba ùghà. Ògiri amọ̀ kò ṣeé gbé. Àwòrán nìkan ni ó lè gbé e.

Àwọn baba wa máa ń wí pé, "Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i." Òwe ìtùnú ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò mọ̀ pé ẹwà ni ó bù sí i ní láti mọ bí ilé náà ti rí kí ó tó jó. Bí a kò bá mọ ti àná, kí ni a ó fi díwọ̀n ti òní?

Àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti wádìí ìtàn mọ èyí dáadáa. Nígbà tí Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1970, tí ó sì rí àwọn ère amọ̀ tí òkìkí wọn kàn káàkiri ayé, ibi tí ère kọ̀ọ̀kan wà ṣe pàtàkì bí ère náà fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ òfin láàárín àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí pé kí a ya àwòrán ohun tí a bá rí lórí ìdúró rẹ̀ nínú ilẹ̀, kí a tó fi ọwọ́ kàn án. Ohun tí a bá ti yọ kúrò ní ipò rẹ̀ láìṣe àkọsílẹ̀ ti pàdánù ìdajì ìtàn rẹ̀. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́ nípa ohun tí ó wà nínú ilẹ̀, ó jẹ́ òtítọ́ nípa ohun tí ó wà nínú ilé pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú àpẹẹrẹ méjì wá láti Ìbíní, ìlú tí iṣẹ́ ọnà Ọ̀wọ̀ bá tan. Ní oṣù kejì ọdún 1897, àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìbíní, iná sì jó ààfin Ọba. Ọ̀kan nínú àwọn òyìnbó náà, Reginald Granville, ya àwòrán inú àgbàlá tí ó jó náà. Àwọn òyìnbó jókòó, ara wọn balẹ̀. Àwọn iṣẹ́ idẹ tí a kó jọ wà nílẹ̀ ní ẹsẹ̀ wọn. Ògiri tí ó ti dúdú sì wà lẹ́yìn wọn. Lára àwòrán inú ààfin tí a mọ̀ jùlọ ní apá ilẹ̀ wa ni èyí, ọwọ́ ẹni tí ó wá kó ẹrù ni ó sì ti wá. Ohun tí a fẹ́ mọ̀, ìyẹn bí àgbàlá náà ti rí ní ọjọ́ àlàáfíà, kò sí nínú rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kejì ni ti Olóyè Solomon Osagie Alonge, ọmọ Ìbíní tí a bí ní ọdún 1911. Láti ọdún 1933 ni ó ti ń ya àwòrán fún ààfin, nígbà ayé Ọba Akenzua Kejì, ó sì ṣe iṣẹ́ náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó mọ ẹni tí ń kúnlẹ̀ àti ẹni tí ń dúró. Ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwòrán rẹ̀ wà ní Smithsonian ní ìlú Washington báyìí, ṣùgbọ́n ní ọdún 2017 a pàtẹ wọn ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Ìbíní, àwọn ọmọ ìlú sì rí ojú àwọn òbí wọn níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan náà ni Granville àti Alonge lò. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí ó dì í mú, ẹni tí ó fún un ní àyè, àti ibi tí àwòrán náà lọ. Nítorí náà, bí a bá ń bẹ̀rù àwòrán, kì í ṣe ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

Ní ìhà Èkìtì, ọ̀rọ̀ ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ìlẹ̀kùn àti àwọn òpó ààfin náà. Ní ọdún 1924 a gbé ìlẹ̀kùn náà lọ sí ìpàtẹ ńlá tí a ṣe ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò padà wá mọ́. British Museum fi àga ọba kan ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì wà di òní. Òpó kan láti ààfin kan náà, tí a gbẹ́ ọba tí ó jókòó àti ayaba tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sí, wà ní Art Institute ní ìlú Chicago. Ó dúró níbẹ̀ nínú yàrá mímọ́ tónítóní, láìgbé òrùlé kankan. Àwòrán tí àwọn olùwádìí bíi William Fagg yà nígbà tí àwọn òpó náà ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ ni ó ń jẹ́ kí a mọ̀ pé òpó yìí kò dá dúró, pé ó ní ẹlẹgbẹ́, àti pé iwájú àgbàlá ni wọ́n kọjú sí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ya àwòrán. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú tì wá pé àlejò ni ó ń yà á fún wa.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti àwọn àgbà tí ó kọ̀. Wọ́n ní inú ilé kì í ṣe ọjà. Wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀: àwòrán ni yóò fi ọ̀nà han olè. Òtítọ́ ni. Orí àgbò tí a fi igi gbẹ́, tí a ń tò sí ojúbọ àwọn baba ńlá ní Ọ̀wọ̀, wà ní ilé àkójọ òkè òkun báyìí, àwọn ọlọ́rọ̀ sì ń fi owó ńlá wá irú wọn. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ojúbọ, tí ó sì fi í sórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, ti kọ ìwé sí olè. Bákan náà ni àwọn ajẹ́ntì tí ń báni wá ilé, tí wọn yóò wọ yàrá ayálégbé nígbà tí kò sí nílé, tí wọn yóò ya ibùsùn rẹ̀, aṣọ rẹ̀ àti fọ́tò àwọn ọmọ rẹ̀, kí wọ́n tó tàn án kálẹ̀ fún ẹni tí ó ń wá yàrá. Ìwà àìmọ̀kan ni. Ilé lè jẹ́ ti onílé, ṣùgbọ́n ìgbésí ayé tí ó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀rù olè yìí kan náà ni ìdí tí ó fi yẹ kí a ní àwòrán. Bí a bá jí ère kan ní Ọ̀wọ̀ lálẹ́ òní, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọlọ́pàá yóò béèrè ni pé báwo ni ó ti rí. Àjọ ọlọ́pàá àgbáyé, Interpol, ní àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọnà tí a jí, ṣùgbọ́n ohun tí a lè dá mọ̀ dájú nìkan ni wọn ń fi síbẹ̀. Ẹni tí kò ní àwòrán yóò lọ sọ pé, "Ère igi ni, ó dúdú, ó ga díẹ̀." Ère mélòó ni kò dúdú, tí kò sì ga díẹ̀? Àwòrán tí a bá tàn kálẹ̀ ń pe olè. Àwòrán tí a bá pa mọ́ ń mú olè. Ìpamọ́ ni kókó ọ̀rọ̀ náà.

Ní ti ohun ìkọ̀kọ̀, n kò bá àwọn àgbà jiyàn rárá. Bí ìlẹ̀kùn kan bá wà tí obìnrin kì í wọ̀, tàbí tí ẹni tí a kò tíì mú mọ awo kì í wọ̀, kí kámẹ́rà náà má ṣe wọ̀ ọ́. Ya ìlẹ̀kùn náà ní títì, kí o sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé a kì í ṣí i. Ìyẹn náà jẹ́ ìtàn.

Báwo ni a ó ti ṣe é? Kò ṣòro, nítorí fóònù ti wà lọ́wọ́ tọmọdé tàgbà. Kọ́kọ́ gba àyè lọ́wọ́ olórí ẹbí àti lọ́wọ́ ẹni tí ń gbé inú yàrá náà. Lọ ní ọ̀sán, kí o ṣí ìlẹ̀kùn àti fèrèsé, nítorí inú ilé àtijọ́ ṣókùnkùn. Má ṣe kọjú ẹ̀rọ sí àgbàlá tí oòrùn wà. Jẹ́ kí oòrùn wà lẹ́yìn rẹ. Dúró ní igun yàrá, kí o gbé ẹ̀rọ náà lé orí àpótí kí ọwọ́ má ba à gbọ̀n. Bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu-ọ̀nà, kí o máa lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, ògiri kọ̀ọ̀kan, òpó kọ̀ọ̀kan, títí ìwọ yóò fi padà sí ẹnu-ọ̀nà. Má gbàgbé òrùlé àti ilẹ̀. Fi ọ̀pá ìwọ̀n kan ti ara ògiri kí a lè mọ bí ó ti ga tó. Má ṣe kó ẹrù kúrò kí yàrá lè lẹ́wà. Ọlọ àti àga tí ó ti yẹ̀ wà lára ìtàn. Lẹ́yìn náà, tẹ àwòrán náà sórí ìwé, nítorí fóònù máa ń bàjẹ́, kí o sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́, orúkọ yàrá àti orúkọ ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ olórí ẹbí, kí òmíràn wà lọ́wọ́ ọmọ ilé tí ń gbé ìlú mìíràn. Èyí tí ó bá wà ní ibi kan ṣoṣo, òjò kan ṣoṣo ni yóò bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀yin ni mo dìídì kọ ọ̀rọ̀ yìí fún. Àwọn àgbà ni wọ́n mọ orúkọ yàrá, ẹ̀yin ni ẹ mọ ìlò fóònù. Nígbà tí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi, ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá àgbà, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mú yín káàkiri ilé. Bí ẹ ti ń ya àwòrán, ẹ máa bi í pé, "Ìyá, ta ni ó ń sùn níhìn-ín?" Ohun tí yóò sọ yóò ju àwòrán náà lọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ọdún yìí, kí òjò mìíràn tó dé.